Ogún Ọmọdé àti Ogún Ọdún: Bí Àwọn Ọ̀rẹ́ Ṣe Ń Yan Ẹgbẹ́ Nínú Líìgì Géèmù

Àwọn àgbà ló ń pa á lówe pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Àwọn ọmọ tó jọ ń ta òkòtó lẹ́yìnkùlé lónìí, bó bá di ọ̀la, ọ̀kan á wọ yunifásítì, ọ̀kan á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kan á gbéyàwó, òmíràn á wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sókè òkun. Eré á tú ká.

Ṣùgbọ́n géèmù kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn tó ṣe é dà bí ẹni ń bá òwe yìí jiyàn. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún 32 ènìyàn láti jọ ṣeré pọ̀ fún 30 sáà. Orúkọ rẹ̀ ni EA Sports College Football. Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, Atlanta, Chicago tàbí Maryland, tí wọ́n á pè lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí onítọ̀hún á ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, màá pè yín padà, mo wà lórí géèmù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi.” Òbí á rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni òun àti àwọn tó bá jáde ní yunifásítì ti ń gbúròó ara wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, báwo ni eré náà ṣe lè pẹ́? Ìjákulẹ̀ lórí pápá kọ́ ló sábà máa ń tú irú líìgì bẹ́ẹ̀ ká. Ọjọ́ tí wọ́n ń yan ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni yóò tó hàn.

Irú bọ́ọ̀lù wo nìyí?

Kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbá mọ́ àyà sá. Ènìyàn 11 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì 10. Bí kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tó bá gbé e dé òpin pápá àwọn alátakò gba àmì 6.

Ohun tó máa ń ya ará Nàìjíríà lẹ́nu ni pé yunifásítì ló ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń gbá a. Síbẹ̀, pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor gba 107,601 ènìyàn. Ti Penn State gba ju 106,000 lọ. Ẹ fi wé pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Àbújá, tó gba nǹkan bíi 60,000. Ọdún 1869 ni Rutgers àti Princeton ti kọ́kọ́ gbá irú ìdíje yìí láàárín yunifásítì méjì, Rutgers sì borí pẹ̀lú àmì 6 sí 4. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ti di ohun tí ìlú àti ìdílé ń jogún. Bàbá tó lọ sí Ohio State kì í fẹ́ gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ Michigan wọlé.

Inú géèmù náà, ìsọ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní Dynasty, bí ẹni ń sọ ìdílé tó ń jọba láti ìran dé ìran. Níbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú yunifásítì kan, á sì di kóòṣì rẹ̀. Kì í ṣe pé á kàn gbá bọ́ọ̀lù nìkan. Òun ló máa wá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó mọ̀ ọ́n gbá káàkiri Amẹ́ríkà, tó máa rọ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí yunifásítì tirẹ̀, tó sì máa di àwọn tó bá fẹ́ sá lọ síbòmíràn mú. Ìdíje 12 ló wà nínú sáà kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ 12 tó tayọ á lọ du ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbá a lónìí á kàwé jáde, àwọn tuntun á wọlé, eré á sì máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ téèyàn mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹrù tó máa rù fún ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Ọdún mọ́kànlá tí géèmù náà fi sùn

Ó dára kí òbí mọ ìtàn yìí, torí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé iṣẹ́ EA gbé NCAA Football 14 jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, géèmù náà kò jáde mọ́ títí di ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024.

Kí ló fà á? Lásìkò yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà nínú géèmù láìsí orúkọ wọn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ga àti bí wọ́n ṣe sanra wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Owó nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Òfin àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì, kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ nínú owó tí wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ pa. Ní ọdún 2009, Ed O'Bannon, tó ti fìgbà kan jẹ́ ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní UCLA, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Àwọn mìíràn náà pẹjọ́. Ní ọdún 2014, adájọ́ Claudia Wilken dá O'Bannon láre. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lòdì sí NCAA nínú ẹjọ́ mìíràn tó jọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó.

Ìyẹn ló jí géèmù náà dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà kí wọ́n lo orúkọ òun nínú èyí tó jáde ní 2024 gba 600 dọ́là àti ẹ̀dà géèmù kan. Àwọn tó gbà lé ní 10,000. Owó náà lè má pọ̀ lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí òfo.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá náà, torí wọ́n wà lórí àwọn pápá wọ̀nyẹn gan-an. Olu Oluwatimi kúrò ní Virginia lọ sí Michigan. Ní ọdún 2022, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ní iwájú. Olu Fashanu ti Penn State ni ẹni kọkànlá tí wọ́n mú ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2024. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá kan ní Houston bá ní Penn State lòun máa mú, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bi í pé kí ló wá débẹ̀, ó lè jẹ́ orúkọ tó jọ ti ilé wọn ló rí lẹ́yìn aṣọ ẹnì kan.

Bí gbogbo ènìyàn bá fẹ́ Georgia

Ẹgbẹ́ 134 ló wà nínú èyí tó jáde ní 2024. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2025 ní 136, torí Delaware àti Missouri State darapọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ní 2024, Georgia ló ga jù pẹ̀lú 95. Ohio State, Oregon, Alabama àti Texas wà lẹ́yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a máa rí irú Kennesaw State, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí ìpele yìí ní ọdún náà.

Ká fi àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́jọ ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n jọ kàwé jáde, wọ́n ti fọ́n ká. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dallas, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Atlanta, ọ̀kan ṣì ń wáṣẹ́. Wọ́n pé lórí fóònù, ẹnì kan sì sọ pé, “Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo orúkọ ẹgbẹ́ ló ni ín.” Láàárín ìṣẹ́jú kan, Georgia, Ohio State, Oregon, Alabama àti Texas ti lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tiẹ̀ tíì gbé fóònù rẹ̀. Ìgbà tó máa fi dé, ohun tó kù kò wù ú.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó mú Georgia á na nọ́ọ̀sì yìí ní àmì 56 sí 7. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, á tún nà án. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá á máa lọ sí Georgia, torí ẹni tó ń borí ni ọmọ ń fẹ́ tẹ̀ lé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àlàfo á máa fẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Kò ní sọ pé inú ń bí òun. Á kàn dákẹ́. Ẹlòmíràn á tẹ̀ lé e. Ẹni tó mú Georgia á ku òun àti kọ̀ǹpútà. Ó gba ife-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n kò rí ẹni fi hàn.

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà pín in

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Wọ́n á kọ orúkọ sínú ìwé, wọ́n á fà á, orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa kọ́kọ́ mú. Kò sí ojúsàájú nínú ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí kèké bá gbè ṣì lè mú Georgia, ìṣòro àkọ́kọ́ ò sì tíì kúrò nílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n dá òté lé máàkì. Wọ́n lè ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹgbẹ́ tí máàkì rẹ̀ bá ju 84 lọ. Ó ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ra. Ọ̀nà yìí dára gan-an fún àwọn tó bá ní sùúrù, torí kọ̀ǹpútà ló máa di àwọn ẹgbẹ́ ńlá mú, àwọn ọ̀rẹ́ á sì jọ máa gbógun tì wọ́n.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n sì wo ọwọ́ ẹni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù á mú nínú àwọn tí kò lágbára. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á mú nínú àwọn tó lágbára. Ọ̀pọ̀ ìjà ni èyí máa ń pa, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá bá lè gbà láìsí ìrera pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ọkàn. Kí kálukú mú yunifásítì tó lọ, tàbí ti ìlú tó ń gbé, tàbí ti ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó mú ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kì í tètè sá, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń nà án. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló wà nínú géèmù náà. Ìpele tó ga jù lọ nìkan ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó jáde ní Howard, Grambling State, Florida A&M tàbí Jackson State, àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, kò ní rí ti ẹ̀ mú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún láyè láti yan òmíràn.

Ẹ̀yà karùn-ún wà tí ilé Yorùbá ti ń lò tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ẹran fún àwọn ọmọ, àbúrò pátápátá ni wọ́n máa ní kó gé e, ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ mú, ẹni tó gé e ló máa mú kẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ló kẹ́yìn kò ní gé ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Kí alákòóso líìgì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni kó pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí, kí òun náà sì mú kẹ́yìn. Ní ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, bí àbúrò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mú Alabama níjelòó. Ẹ jẹ́ kó kan àwa náà.” Ẹ̀gbọ́n tó bá gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì mú òmíràn.

Kí ló yẹ kéèyàn wò?

Máàkì ńlá kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Géèmù náà ń fi ohun 14 díwọ̀n yunifásítì kọ̀ọ̀kan lójú ọmọ tó bá fẹ́ wá. Lára wọn ni bó ṣe lè tètè dé orí pápá, bí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe lórúkọ nínú ìwé kíkà, bí pápá ṣe ń hó, bí ó ṣe jìnnà sílé àti bí kóòṣì ṣe fìdí múlẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí kò ní gbà kí wọ́n fi du òun. Ẹni tí ìwé kíkà jẹ lógún lè kọ ẹgbẹ́ tó lágbára, kó sì lọ sí Vanderbilt.

Ibi tí yunifásítì wà náà ṣe kókó. Texas, Florida, California àti Georgia ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù yìí ti ń jáde. Ẹni tó bá mú ẹgbẹ́ kékeré kan ní Texas ti wà lẹ́bàá odò. Ẹni tó mú Hawaii gbọ́dọ̀ sọdá òkun kó tó rí ẹja.

Kéèyàn tún wo irú eré tó wù ú. Army àti Navy jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Wọn kì í sábà ju bọ́ọ̀lù sókè, ńṣe ni wọ́n ń gbé e sá, tí wọ́n ń fi ẹni tó máa gbé e tan ọ̀tá jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn àrékérekè á gbádùn wọn. Ní ọdún 2024, Army wọ agbo ìdíje tuntun kan, ó sì gba ife rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní ẹgbẹ́ kékeré kó má ṣe fajú ro. Ní ọdún 2007, Appalachian State lọ na Michigan ní àmì 34 sí 32 nínú pápá Michigan fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ọdún náà gan-an ni Boise State, ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ti na Oklahoma ní 43 sí 42. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Vanderbilt na Alabama ní 40 sí 35. Ó ti tó 40 ọdún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Indiana borí ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú ìdíje 12 ní ọdún 2023. Wọ́n mú kóòṣì Curt Cignetti wá láti James Madison, ní 2024 wọ́n sì borí ẹ̀ẹ̀mọkànlá, wọ́n wọ inú ẹgbẹ́ 12 tó du ife-ẹ̀yẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ó lè ṣẹlẹ̀ nínú géèmù. Ìtàn tí àwọn ọ̀rẹ́ á máa sọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún kì í ṣe ti ẹni tó fi Georgia gba ife. Ti ẹni tó fi Kennesaw State gba ife ni.

Òfin kí eré tó bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá ti yan ẹgbẹ́ tán, ohun márùn-ún ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan eré.

Èkíní, kí wọ́n kó ara wọn sí agbo ìdíje kan náà. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà pín sí agbo-agbo bíi SEC àti Big Ten, àwọn tó wà nínú agbo kan ló ń bá ara wọn gbá jù. Géèmù náà gbà kí alákòóso tún agbo wọ̀nyí tò. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́jọ bá wà ní agbo mẹ́jọ, sáà kan lè parí kí wọ́n má pàdé ara wọn.

Èkejì, kí wọ́n dá ọjọ́. Ẹni tí kò bá tíì gbá ti ọ̀sẹ̀ yìí títí di ọjọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà á bá a gbá a. Líìgì kò gbọdọ̀ dúró de ẹnì kan. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀fọ̀, ìkómọjáde tàbí ìdánwò, kí wọ́n ní sùúrù fún un.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n sọ bí ènìyàn ṣe lè fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ṣé lẹ́yìn sáà méjì ni? Ṣé ẹni tó bá mú ẹgbẹ́ kékeré dàgbà nìkan ló lè lọ sí ńlá? Ẹni tó bá mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kan ṣì wà níwájú á lè fara da ẹgbẹ́ tí kò wù ú.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fẹnu kò lórí ìwà. Kí ẹni tó ti fi àmì 40 ṣíwájú yé é fi ẹlòmíràn ṣẹlẹ́yà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fa wáyà yọ nígbà tí wọ́n bá ń nà án.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n bi ara wọn léèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní. Nínú géèmù ọdún 2024, ẹni tó ní PlayStation 5 kò lè bá ẹni tó ní Xbox wà nínú Dynasty kan náà. Ti ọdún 2025 ló ṣí ọ̀nà yẹn. Kò dára kéèyàn náwó tán kó tó mọ̀. Géèmù ti 2024 nìkan jẹ́ 69.99 dọ́là nígbà tó jáde, owó tí wọ́n ń san fún eré orí íntánẹ́ẹ̀tì sì tún wà lọ́tọ̀.

Ilé ńkọ́?

Aya, ọkọ àti ọmọ kò sí nínú líìgì, ṣùgbọ́n àkókò wọn wà nínú ẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ wọlé sọ fún ará ilé rẹ̀ ọjọ́ àti aago tó máa lò, kó sì dúró lórí ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ dára ju alẹ́ márùn-ún tí kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ti padà wá sí Èkó tàbí tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn tó wà ní Houston rántí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀dọ̀ wọn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbẹ̀ ni aago mẹ́ta òru ní ìlú méjèèjì. Ẹni tó máa jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ kò lè bá wọn ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ti Houston ló máa rọ gbogbo wọn lọ́rùn.

Òbí tó wà nílé náà lè béèrè. Dípò “Ìgbà wo lo máa fi géèmù yìí sílẹ̀?”, kó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹgbẹ́ wo lo mú? Àwọn wo lẹ jọ ń ṣe é? Ṣé èyí tó ń wáṣẹ́ yẹn ti ríṣẹ́?” Ìdáhùn ìbéèrè kẹta yẹn lè sọ ohun púpọ̀ fún un nípa irú ọ̀rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bá rìn.

Òwe àwọn àgbà kò tíì yẹ̀. Ogún ọmọdé ṣì ṣòro láti kó jọ fún ogún ọdún, ẹ̀rọ kò sì lè ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni kí ẹni tó lágbára fi èyí tó dára jù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín in. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀rẹ́ bá ṣeré ní sáà kẹwàá, kó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ délé ná, kí òun náà wá mú tirẹ̀.